Àwọn Ọmọ Inú Ìgò Oníyẹ̀pẹ̀

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí Oníyẹ̀pẹ̀ wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ìgò lábẹ́ súwẹ́tà, tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Ìyá kan tó jókòó tì í kò lè pa á mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ gbé sínú aṣọ?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Òtútù ò gbọdọ̀ mú wọn."

"Ọmọ mélòó, sà?"

"Ta ló lè kà wọ́n? Wọ́n pọ̀ nígbà tí mo wọkọ̀. Báyìí, wọ́n ti tún bímọ."

Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ.

Oníyẹ̀pẹ̀ ò purọ́ fún un. Kòkòrò tín-ín-tín tí ojú ò lè rí ló wà nínú ìgò náà. Inú yẹ̀pẹ̀ tá a fi sọ ọ́ lórúkọ ló ti ṣà wọ́n, omi ànàmọ́ sísè ló fi ń bọ́ wọn. Ẹ mọ nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu? Ẹbí rẹ̀ kan ló máa ń wọ gbòǹgbò tòmátì, tí yóò jẹ ẹ́ títí yóò fi rà. Àwọn ọmọ Oníyẹ̀pẹ̀ ló ń lé e jáde. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ká ní òun mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, òun ì bá má fẹ́ ẹ.

Àbúrò Oníyẹ̀pẹ̀ obìnrin ni àrùn gbòǹgbò náà ká lára jù. Ọdún méjì ni tòmátì rẹ̀ fi rà mọ́lẹ̀, onílẹ̀ sì ti ní bó bá tún bàjẹ́, òun á gba ilẹ̀ òun. Oko yẹn ló fi ń jẹun. Ẹni tó ń ta oògùn oko sáré gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n Oníyẹ̀pẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Oògùn tìẹ dáa. Ṣé ó ń bímọ?"

"Oògùn wo ló ń bímọ?"

"Gbé e lọ sílé ná. Tó bá lóyún, kó o padà wá."

Àbúrò gbà láti lo ìgò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àmọ́ ìmọ́tótó rẹ̀ pọ̀ jù. Kó tó da omi inú ìgò náà sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oko, ó fi bílíìṣì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nílé ìwẹ̀ fọ inú ẹ̀rọ náà. Oníyẹ̀pẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ lókèèrè, ó káwọ́ lérí.

"O ti pa wọ́n tán!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹ́ kó mọ́!"

"Mo ní kó mọ́, mi ò ní kó o pa ìdílé mi run!"

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìgò mìíràn dé. Ó ní ikú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ń bí àwọn wọ̀nyí nínú, wọn á ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló lọ bá onílẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ wá lọ́jọ́ ìkórè. Igi tòmátì tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fà tu, kẹ́ ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n kórè nígbà tí Oníyẹ̀pẹ̀ sùn tí kò jí mọ́. Ó dùn wá gan-an.

Onílẹ̀ dé lọ́jọ́ ìkórè. Ó rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ebè, ó yan igi tòmátì kan, ó fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun láúláú. Ó fa òmíràn. Bákan náà ni.

"Máa dáko rẹ lọ," ó wí. "Ta ni ọkùnrin tó wá pè mí yẹn jẹ́ sí ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni!"

Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé àwọn tó wà lóko kejì yíjú. Láti kékeré ló ti ń fi Oníyẹ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kò fi í yangàn lójú ẹnikẹ́ni rí. Ó nu ojú, ó tún un sọ jẹ́jẹ́: "Ọmọ ìyá mi ni."