Ẹkún Inú Ìpolówó Fíìmù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí n dárí jì í, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná.

Mabera, àdúgbò kan lókè Ọya, ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń gbé. Àgùnbánirọ̀ ni àwa méjèèjì, yàrá kan náà la jọ ń sùn. Tí iná bá wà ní Sátidé, ìpolówó fíìmù là ń wò, àwọn ìṣẹ́jú bíńtín tí wọ́n fi ń fa ojú èèyàn mọ́ra kí fíìmù tó jáde. A ó pa ohùn rẹ̀, a ó wo àwòrán nìkan. A ó tún da fóònù dojú bolẹ̀, a ó gbọ́ ohùn nìkan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi ohun abanilẹ́rù hàn ọ́ tààrà. Orin á dákẹ́ lójijì, ojú fíìmù á ṣókùnkùn, ohùn ẹnì kan ṣoṣo á wá wọlé. Èmi ni mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Àfọwọ́fà mi ni.

Nígbà tó yá, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpolówó fíìmù tiwa; ó dá lórí ìlú kan tí ìjọba ti ń ta afẹ́fẹ́ fún aráàlú. Eruku ọyẹ́ ní Kasarawa, abúlé tí a ti ya àwòrán, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún wa; ohùn ẹkún ló kù. Mo sunkún títí, ọ̀rẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Haba! Ẹkún ẹni tí àlùbọ́sà ta lójú nìyí."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Lọ́kọ́ja. Mo ṣubú lulẹ̀, mo ń ké pè é, orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbá mi mọ́ra. Mo sọ fún un pé Màmá ò tíì gbọ́ o, pé àwọn àgbà ilé ló máa kó ara wọn jọ lọ túfọ̀ fún wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ó ní, "Wallahi, kò ní gba ẹnu mi jáde." Lóòótọ́, kò gba ẹnu ẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí ìpolówó wa lójú Wasaàpù rẹ̀: eruku, orin tó dákẹ́, òkùnkùn, lẹ́yìn náà, ohùn mi. Ọwọ́ kan ló fi gbá mi mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ kejì gba ohùn mi sílẹ̀!

"Ṣé orí ẹ pé? Ẹkún òkú mi lo fi ń polówó?"

"Má bínú. Mo yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ sọ òótọ́, ṣé kò wọni lára?"

Ó yọ orúkọ, ó fi oríkì sílẹ̀! Ta ló sọ ẹ̀gbọ́n mi ní oríkì bí kò ṣe ẹni tó bí i? Màmá tí wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ mi ní ọmọ wọn, tí wọn kì í fo ohunkóhun tó bá gbé sójú Wasaàpù rẹ̀!

Mo já fóònù rẹ̀ gbà, mo pa ìpolówó náà rẹ́. Màmá ti wà lára àwọn tó wò ó. Fóònù tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í dún; Màmá ni.

"Mo gbọ́ bí o ṣe ń ki ẹ̀gbọ́n rẹ," ni wọ́n wí. Ohùn wọn ò ga. "Ṣé ara eré tí ẹ̀ ń ṣe yẹn náà ni?"

Ọ̀rẹ́ mi ń mi orí sí mi kíkankíkan pé kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo kẹ̀yìn sí i.

Màmá ní, "Ẹkún yẹn kì í ṣe ẹkún eré, ọmọ mi. Níbo lẹ sin ín sí?"