Kòkó Tí Bàbá Wa Sá Sórí Pápá Básíkẹ́ẹ̀tì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ takisí láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ẹmùré. Bí a ṣe ń kọjá lábúlé kan, òórùn kòkó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ di imú. Èmi ò di tèmi. Òórùn yẹn kì í yé rán mi létí Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, àti ọdún tí ẹgbẹ́ wọn gòkè.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì kéré nígbà náà, ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni. Bọ̀dá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò jìnnà sílé wa. Ó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọ yàrá, ó sì mọ básíkẹ́ẹ̀tì gbá ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá wa, àgbẹ̀ kòkó, ò rí orí bọ́ọ̀lù náà, kò rí ìdí rẹ̀. “Agbọ̀n tí ò nídìí!” ni í máa wí. “Kí lẹ fẹ́ fi kó wá sí ulé?” Bọ̀dá á rẹ́rìn-ín, á dọ̀bálẹ̀, á sì gba pápá lọ.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ní mọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ọlidé, wọ́n máa ń gba àwọn àgbẹ̀ àdúgbò láyè láti sá kòkó sórí sìmẹ́ǹtì pápá básíkẹ́ẹ̀tì. Àpáta tí à ń sá kòkó sí pọ̀ nílùú wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdílé kọ̀ọ̀kan ló mọ àpáta tirẹ̀, tiwa sì jìnnà. Bàbá fẹ́ràn sìmẹ́ǹtì yẹn. Ó ní kòkó tó bá gbẹ níbẹ̀ kì í láwọ̀ burúkú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹgbẹ́ Bọ̀dá gba ipò kìíní ní ìpele ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sí ìpele òkè, láàárín àwọn yunifásítì ńlá tó ní pápá olórùlé. Inú wa dùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sùn. Kóòṣì wọn ò dúró kí ọlidé parí. Ó ránṣẹ́ pé kí gbogbo wọn padà sẹ́nu ìdánrawò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kòkó Bàbá ò tíì lò ju ọjọ́ méjì lọ lórí pápá.

Ìdájí ọjọ́ Ajé la kó o kúrò. Bàbá ń di àpò, èmi ń fi ìgbálẹ̀ gbá ẹ̀yìn rẹ̀. Lójú tiwa, ibi tí kòkó ò bá sí mọ́ ti mọ́. A ò ronú kan omi kòkó tó ti gbẹ mọ́ ilẹ̀, tí ìrì sì ti mú kó máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

Nígbà tí ìdánrawò bẹ̀rẹ̀, Bọ̀dá ló kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù. Ó sáré, ó fò, bọ́ọ̀lù wọlé. Bó ṣe balẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ̀ lọ, orúnkún sì dún. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Bàbá náà gbọ́ ọ, àpò tó kẹ́yìn ṣì wà lórí rẹ̀.

Dókítà l'Ádó ní kò sí bọ́ọ̀lù fún un mọ́ lọ́dún yẹn, ó sì ṣeé ṣe kó má sí mọ́ láéláé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a ò rí Bàbá. Mo bá a lórí pápá, lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi àdá họ sìmẹ́ǹtì.

“Bàbá, ilẹ̀ ti mọ́.”

Ó ń họ ọ́ lọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe fún un, mo kàn ń bu omi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ti Bọ̀dá lọ.

Nígbà tí wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìpele òkè nílùú wa, Bàbá, tí kò wo bọ́ọ̀lù rí, wọ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ. Ó jókòó ti Bọ̀dá lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀pá ìtilẹ̀ láàárín wọn. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé, á bi í pé, “Ṣé tiwa nìyẹn?” Bọ̀dá á sì fi sùúrù dá a lóhùn. Àwọn àlejò ló borí. Bàbá ò dìde.

“Bó bá ṣe pé o wà lórí pápá ńkọ́, Délé?”

“Wọn ì bá ṣì nà wá, Bàbá. Wọ́n jù wá lọ.”

Bàbá mi orí, ó mú ọ̀pá náà fún un, a sì rọra ń lọ sílé.

Bàbá ti dolóògbé tipẹ́. Wọ́n ti bo pápá lórí báyìí, àgbẹ̀ kankan ò jẹ́ gbé kòkó débẹ̀. Bọ̀dá ń kọ́ni ní ìṣirò n'Ígbárá-Odò, ó ṣì ń fà lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, tó ku àwa méjèèjì nínú yàrá, mo bi í bóyá òótọ́ ni wọ́n jù wá lọ lọ́jọ́ náà.

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé Bàbá lè máa wọlé bọ̀.

“Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi nà wá,” ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Bọ́ọ̀lù kan, àmì méjì; ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ǹ bá sọ ọ́ wọlé.”