Ìkíni Ọ̀gá Mi

Títí dòní, mi ò lè fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́ kí n má kọ́kọ́ kí i. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Lálúpọn ló kó o ràn mí. Èdè tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà a máa yí padà. Bó bá ti yí, àfikún táwọn èèyàn ti ṣe sí i kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ ọ̀gá mi ni láti tún irú àfikún bẹ́ẹ̀ kọ kó lè bá èdè tuntun mu. Kí wọ́n tó pa ìlà kan rẹ́, wọ́n á tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Wọ́n á wá dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìdáhùn.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Oko olóko nìyí. Bó ò tiẹ̀ rí i, ṣebí o rí ebè tó kọ?"

Ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n papòdà, èdè náà tún yí padà. Àfikún tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ló dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ṣí i, mo kí wọn, mo dákẹ́. Mo kà á débi tó parí sí. Ìlà tó gbẹ̀yìn kì í ṣe fún kọ̀ǹpútà: "Òo, a dúpẹ́. Ẹ máa ro oko náà lọ."