Wọ́n fi Ilẹ̀kùn Bàbá Agbẹ́gilére Dáná

Ẹ̀yin ará Ìkòsì, wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ ìdílé Bàbá Agbẹ́gilére dáná o!

Mo ń ti ọjà bọ̀ láàárọ̀ yìí ni mo rí àwọn lébírà tó ń wó ilé náà. Wọ́n ti fi àáké la ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi í se ìrẹsì. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ìtàn abúlé wa sí: ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn baba wa dé, oko ẹ̀gẹ́, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja.

Bàbá tó gbẹ́ ẹ ló jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó ń wo iná.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò dá wọn dúró?"

Bàbá ní, "Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ta ilé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn fún mi. Wọ́n ní igi lásán ni."

Bàbá tún ní, "Ojú ìyá mi ni mo gbẹ́ sáàárín ẹ̀. Mi ò ní fọ́tò wọn kankan."

Mo kàn jókòó tì wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ya fọ́tò níwájú ilẹ̀kùn yẹn rí, ẹ bá mi wá a. Ẹ tètè o, Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.