Ọjọ́ tí a kọrin Kérésì wọ ilé ọ̀fọ̀

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Àgọ́-Ìwòyè. Nínú gbogbo ilé tí a máa ń yà sí láti kọrin Kérésì, kò sí èyí tí wọ́n ti ń retí wa bíi ti Àlàájà tó ń gbé òpópónà kejì sí tèmi. Mùsùlùmí ni, ọmọ Mùsùlùmí sì ni. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló lọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tó wà lọ́mọdé, ibẹ̀ ló ti kọ́ àwọn orin náà tòun ti dò-rè-mí wọn. Tí a bá ti dé ní Sátidé tó ṣáájú Kérésì, á wé ìborùn rẹ̀, á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa bá mi kọ ohùn kejì. Tí mo bá ṣi ohùn gbé, ìgbúnwọ́ ló máa fi gún mi.

"Tíṣà, òkè nibẹ̀ yẹn ń lọ o, kì í sọ̀kalẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìkọ́kọrẹ́ fún wa, èyí tó kún fún ẹja gbígbẹ. Ọkọ rẹ̀, Àlàájì, ló máa ń lọ kó ẹja náà wá láti Mákùn-Omi fún títà. Àwa tí a máa ń jókòó jẹun níbẹ̀ kò ti ìlú kan náà wá. Ọmọ Ìgbò wà nínú wa, àwọn ará Mámu wà, ọkùnrin ọmọ Làìbéríà kan sì wà tó ń kọ bésì. Ogun ló gbé e wá sí àgọ́ àwọn ogúnléndé ní Òrù. Nígbà tí wọ́n ti àgọ́ náà pa, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sílé, òun dúró, ó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà.

Àlàájà jù mí lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo yà kí i níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ó sì ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti lọ sí ọsibítù?"

"Mo ti lọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ti fún mi lóògùn." Ó rẹ́rìn-ín. "Má wo ẹsẹ̀ mi jàre. Ohùn mi kò wú."

Mo sọ fún un pé màá tún padà wá wò ó lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò padà lọ. Mo ní ìwé ìdánwò tí mo fẹ́ máàkì, ọ̀gá akọrin tuntun tí a gbà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa rìhásà jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé orin wa, Àlàájà pè mí lórí fóònù. À ń kọrin lọ́wọ́. Mo rí orúkọ rẹ̀, mo da ojú fóònù dé orí àga, mo ní màá pè é padà. Mo gbàgbé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ó tún pè. Ẹsẹ̀ orin kan ni à ń tún kọ fún ìgbà kẹrin, ojú ọ̀gá akọrin ti le, fóònù sì ń gbọ̀n nínú báàgì mi. Inú bí mi. Mo tẹ̀ ẹ́ pa. Mo rò pé iye èèyàn tó ń bọ̀ ló fẹ́ béèrè, kó lè mọ bí yóò ṣe sè tó. A kúkú máa ríra lọ́la, ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ní Sátidé nígbà tí a yà sí òpópónà rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, eruku bo gbogbo ewé. A dé fìlà pupa, a ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, láti ìkóríta ni a sì ti gbé orin, bí a ṣe máa ń ṣe kó lè gbọ́ wa. Mo rí bàtà púpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ó ní àlejò ni. Mo rí ọkùnrin kan tó gbé bútà méjì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ju ọwọ́ sí wa, mo sì ju ọwọ́ padà sí i. A ti kọrin dé àárín àgbàlá kí a tó gbọ́ pé ẹkún ló ń bọ̀ láti inú ilé.

Orin náà kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń já lẹ́nu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan tó dijú kọrin ló dákẹ́ kẹ́yìn, òun nìkan ló sì ń kọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Àlàájì jáde sí wa. Òórùn ẹja ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Ó ti lọ," ló wí. "Mo dé láti Mákùn-Omi láàárọ̀ yìí, mo bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ," ọkùnrin oníbútà yẹn sọ fún wa. "Ṣé ẹ ò rí i pé ilé ọ̀fọ̀ nibí ni?"

Ọmọ Làìbéríà yẹn ló kọ́kọ́ ṣí fìlà, ó sì tì í bọ àpò.

"Níbo ni wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè?" ló béèrè. "Èmi lè gbẹ́ ilẹ̀."

Àlàájì àti oníbútà wo ara wọn, wọ́n sì nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Ó lọ, ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e nínú àwọn akọrin wa. Àwa obìnrin dúró lẹ́bàá ògiri, fìlà pupa lọ́wọ́, à ń gbọ́ bí ṣọ́bìrì ṣe ń lu òkúta. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. A ò dé ilé kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, Àlàájì pè mí sápá kan. Fóònù ìyàwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ó pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè mí náà, orí omi ni mo wà, kò wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ti lọ sílé fún ọlidé. Ìwọ lo ní mọ́tò nítòsí." Ó wò mí lójú. "Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kó wọlé sọ́dọ̀ tìẹ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlàájì," ni mo wí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Ó mi orí. "Mo ti sọ fún àwọn ọmọ wa tó wà lọ́nà jíjìn. Mo ní tó bá wọlé, Tíṣà ò ní ṣàì gbé e." Mo bú sẹ́kún. Òun tí ìyàwó rẹ̀ kú ló ń bẹ̀ mí pé kí n gba kádàrá.

Irọ́ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Tí mo bá lanu nínú ìjọ, ohùn kì í jáde. Àwẹ̀ Mùsùlùmí àti Lẹ́ńtì tiwa ṣe kòńgẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú rẹ̀ ni mo sì lọ bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó jókòó síwájú ilé tó ń dúró de ìṣínu.

"Àlàájì, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo rí i pé ó ń pè. Èmi ni mi ò gbé e."

Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀ẹ̀mejèèjì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejèèjì."

Ó fi ọwọ́ ti orúnkún dìde, ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun. Àgé omi àti dàbínù tó fẹ́ fi ṣínu wà lórí àpótí, kò jáde wá mú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo lọ sílé.

Ó ṣì ń dá mi lóhùn tí mo bá kí i lọ́nà. Kò pè mí ní Tíṣà mọ́. Mo kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin kí ọdún tó yípo. Nígbà tí oṣù Kejìlá tún dé, àwọn akọrin ránṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ Àlàájì bóyá kí àwọn wá, ó ní kí wọ́n wá. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, ọmọ Làìbéríà náà yà sọ́dọ̀ mi. Ó ní wọ́n gbé omi tútù fún wọn, pé Àlàájì jókòó gbọ́ orin mẹ́ta, ó sì dúpẹ́.

Mo bi í bóyá Àlàájì béèrè mi. Ó ní rárá.