Ọjọ́ tí Bàálù Wa Kọjá Títì

Olùkọ́ físíìsì ni mí nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò lè ṣàlàyé. Nígbà tí èmi àti ìyá ìyàwó mi ń ti ibi ìkómọ àbúrò ìyàwó mi bọ̀ láti Kánò, àlàyé ni mo ń ṣe fún wọn látìgbà tí bàálù ti gbéra. Ará Ajílété ni Màmá. Wọn ò wọ bàálù rí ṣáájú ìrìn-àjò yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó ti ọkọ wọn nínú lọ́rì tó ń kó àgbàdo láti Ọjà-Ọ̀dàn.

Bí a ṣe ń sún mọ́ Èkó, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Etí mi di. Apá òsì rẹ̀ sílẹ̀, ó gbéra, apá ọ̀tún náà rẹ̀ sílẹ̀.

Màmá fọwọ́ kàn mí. "Ọkọ ọmọ mi, eré dẹ́rẹ́bà yìí ò ti pọ̀ jù?"

"Rárá o, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n wo ojú fèrèsé. "A ti ń kọjá àwọn bàálù tó dúró sílẹ̀, àwa ṣì wà lókè. Ṣé kò ní padà sókè, kó yípo wá balẹ̀ ni?"

"Màmá, ìṣirò ni wọ́n fi ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí táyà fi gbálẹ̀ gbàà! A fò sókè, a tún balẹ̀. Páílọ́ọ̀tì tẹ bíréèkì títí, títì tán, eré ò tán. Inú koríko la bá ara wa, imú bàálù rì sínú ẹrẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó kú.

Ta ló pariwo jù? Èmi ni. Mo ké "Yéè! Ìyá mi o!" tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi dáhùn pé, "Mo wà níbí."

Àwọn òṣìṣẹ́ ṣílẹ̀kùn, wọ́n na rọ́bà gígùn kan tó kún fún afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kí a máa yọ̀ lórí ẹ̀. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n káwọ́ mọ́yà, wọ́n yọ̀ lọ wẹ́rẹ́. Èmi ni àwọn òṣìṣẹ́ tì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì tó ń wádìí ìjàǹbá náà wá bá wa nílé mi, níbi tí Màmá ti ń sinmi. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta dè é, tàwòrán-tàwòrán. Ó gbà á, ó ká a pọ̀, ó yíjú sí Màmá.

"Ó ga jù, ó sì yára jù," Màmá sọ fún un. "Bàbá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, bí wọ́n bá sáré kọjá yànà Ajílété, wọn kì í já ọkọ̀ wọgbó. Wọ́n á lọ síwájú, wọ́n á ṣẹ́rí padà. Kí ló dé tí tiyín ò lè ṣẹ́rí?"

Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀. "Màmá, ohun tí àwa náà ń bi páílọ́ọ̀tì nìyẹn."

Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tèmi, orí àga ló gbàgbé ẹ̀ sí.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àbúrò ìyàwó mi tún bímọ. Màmá wọ bàálù lọ sí Kánò, wọ́n sì balẹ̀ láyọ̀. Èmi wọ mọ́tò. Ọjọ́ méjì ni mo lò lọ́nà.