Ẹkún Tí Tafàtafà Sun fún Onídà

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin tó ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ kan, ohùn rẹ̀ ló sì fún un lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ohùn náà balẹ̀ bí omi àmù. Nígbà tí àwọn tó kù bá ń jágbe mọ́ra wọn nínú ooru, òun á dúró nídìí tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èéfín omi gbígbóná á máa ṣú bò ó lójú, á sì máa bá aṣọ sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí tipẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti wà nílé ọkọ. Ta ló kù tí yóò bá sọ̀rọ̀ bí kì í bá ṣe ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọge kan tó máa ń kó kóòtù wá fún wọn bá a níbi tó ti ń tu ṣẹ́ẹ̀tì kan nínú: "Fara balẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kó jó ẹ." Ọmọge náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó ń tẹ́tí.

"Àǹtí," ló wí nígbà tó yá, "géèmù orí kọ̀ǹpútà ni èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe. Àwọn arìnrìn-àjò kan ló kóra jọ, wọ́n fẹ́ la igbó àti òkè kọjá lọ bá ẹranko abàmì kan jà. Màmá àgbà kan wà nínú wọn, tafàtafà ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń wá ohùn rẹ̀ kiri. Tiyín yìí ni."

"Èmi tí mi ò fọwọ́ kan ọfà rí láyé mi?"

"Ẹnu lẹ máa fi ta á, mà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di èrò yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ògiri rẹ̀ yí ká. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í padà wá bá a. Ṣe ló ń rì sínú ògiri bí òkò inú odò. Àǹtí Jẹ́jẹ́ á di ojú, igbó á hù yí i ká, á máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ.

Ọmọge náà là á yé e pé ẹni tó bá ń gbá géèmù ni olórí àwọn arìnrìn-àjò. Bó bá ṣe wọ́n dáadáa, ìfẹ́ á wà láàárín wọn. Bó bá ń rẹ́ wọn jẹ, ẹnì kan á di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó di gbére. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ á fi ìdùnnú sọ, á fi ìbínú sọ, á tún sọ ọ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Onídà, jagunjagun inú wọn, ló máa ń bá Tafàtafà fa ọ̀rọ̀ jù. Bí ológbò àti eku ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ìdí iná tí wọ́n jọ ń yá lálẹ́ nínú igbó tó sọ wọ́n di ọ̀rẹ́.

"Ta ló ni ohùn Onídà?" ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ bi ọmọge náà.

"Bàbá kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni. Ọjọ́ tó ń wá yàtọ̀ sí tiyín."

Wọn ò tíì rí ara wọn sójú rí. Inú ohun tí wọ́n fi bo etí Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni ohùn ọkùnrin náà, tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, ń gbà wọlé, ó nípọn, ó sì ń wọ́lẹ̀ bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Màmá, ẹ gbé ẹrù yẹn wá." Òun á sì dá ògiri lóhùn pé, "Idà tìẹ náà ti tó ọ gbé." Kò pẹ́ tó fi ń dá a lóhùn nídìí áyọ́ọ̀nù pẹ̀lú. Nínú èéfín, ojú ọ̀nà kan á là gbọọrọ níwájú rẹ̀, ẹnì kan á sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ní ojú, tó ní ohùn.

Ó wá ku ibi kan. Bí ẹni tó ń gbá géèmù bá ṣìnà, orí afárá kan ni Onídà á kú sí, tí Tafàtafà gbé e mọ́ra.

"Ẹ kàn sunkún díẹ̀, mà," ni ọmọge náà wí. "Díẹ̀ ti tó."

Ohùn Onídà mí sí i létí, ó ní, "Ẹ má dúró dè mí. Ẹ máa lọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ Àǹtí Jẹ́jẹ́ kú, àwọn èèyàn yí i ká, wọ́n ń ní kó mọ́kàn le, ó sì mọ́kàn le, kò sunkún, títí wọ́n fi tú ká. Ẹkún tó wá bá a nínú yàrá fóòmù yìí, kò mọ ibi tó ti wá. Kò ní ariwo. Ó ń yọ́ jáde bí omi abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọge náà gbàgbé láti pa ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ náà parí, ó padà sídìí aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń ṣe wẹliwẹli, bàbá kúkúrú kan wọlé, ó yọkùn díẹ̀, omi ti bo dígí ojú rẹ̀. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀. Àǹtí Jẹ́jẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá, ṣẹ́ẹ̀tì yìí mọ́. Wọ́n tiẹ̀ ti lọ̀ ọ́."

"Mo mọ̀."

Ọwọ́ Àǹtí Jẹ́jẹ́ dúró lórí aṣọ. Ó dá ohùn náà mọ̀ bí èèyàn ṣe ń dá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ mọ̀ nínú òkùnkùn.

"Ẹ má bínú," ni bàbá náà wí. "Ọmọge yẹn ló júwe ibí fún mi. Ó jẹ́ kí n gbọ́ ẹkún tí ẹ sun. Mo wá dúpẹ́ ni."

"Òkú kì í wá dúpẹ́ ẹkún."

"Òun ni mo fi tètè wá, kó tó di òótọ́."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Àǹtí Jẹ́jẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú wò ó. Bàbá náà bọ́ dígí rẹ̀, ó ń nù ún. "Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ. Mi ò lè wakọ̀. Mo ń rò ó pé irú ọkùnrin wo nìyí tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ báyìí, ó wù mí kí n mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé èmi ni."

Nígbà tí géèmù náà jáde, wọ́n jọ lọ wò ó lọ́dọ̀ ọmọge náà, òun ló sì ń gbá a. Bí wọ́n ṣe rí afárá yẹn lókèèrè, àwọn méjèèjì ní kó yà, kó gba etídò. Ọmọge náà ní ọ̀nà jìn níbẹ̀, kò sì sí ìjà kankan. Wọ́n ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Koríko gíga ń mì, oòrùn ń wọ̀, Tafàtafà àti Onídà ń bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ni ohùn wọn ti sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tó ni ohùn sì jókòó, wọ́n ń gbọ́ bí wọ́n ṣe mọwọ́ ara wọn tó.

Wọn ò fẹ́ra wọn. Bàbá awakọ̀ kàn máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù bí iṣẹ́ bá ti parí ni, wọ́n á jọ rìn dé ibùdókọ̀. Bàbá náà ń bẹ̀rù ajá púpọ̀. Apá ibi tí ajá bá wà ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń bọ́ sí.